Iṣẹ́ Dókítà Tí Mi Ò Jẹ́ fún Àbúrò Mi

Òórùn láfún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ilé àbúrò mi ní Ayépé. Ó máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń mú èèyàn nímú bí ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lé lórí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn lọ́jà, mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mi ò rò pé mo lè ṣe sí ọmọ ìyá mi.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Èmi ni mo pọ́n lára, àbúrò mi dúdú. Ìyá wa a máa sọ pé oòrùn á ba àwọ̀ mi jẹ́, nítorí náà abẹ́ òrùlé ni èmi ti ń bó ẹ̀gẹ́. Àbúrò mi ni ó máa ń rù ú jáde lọ sá. Mo kàwé, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í ti í sinmi, tí kọ́tìnì sì máa ń bo fèrèsé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá fẹ́ sọdá títì lásán, agbòjò á wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi dúró sí Ayépé ní tirẹ̀, ó lọ́kọ, ó ń ṣe láfún tà, ó sì bí ọmọ mẹ́rin. Èmi ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi, nǹkan oṣù mi sì ń ya bí omi.

Obìnrin ni dókítà tó yẹ̀ mí wò, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kókó mẹ́ta ló wà nínú ilé ọmọ mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, ó ní fítámì D kéré púpọ̀ lára mi.

Ó ní, "Oòrùn ni ara wa máa ń fi ṣe é. Àwọn olùwádìí ti ṣàkíyèsí pé ó máa ń kéré lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní kókó yìí. Àmọ́ a ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ń fà á." Ó kọ oògùn fún mi, ó sì rán mi níṣẹ́ kan: "Kókó yìí máa ń wọ́pọ̀ nínú ẹbí kan náà. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó wá ṣàyẹ̀wò."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, oòrùn nìkan ni etí mi gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Ayépé láti jíṣẹ́. Àbúrò mi wà lágbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sórí tapólì, ó ń fọwọ́ yí láfún padà. Oòrùn ọ̀sán ń ta sí i lọ́rùn, apá rẹ̀ ń dán, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ sùn sí i lẹ́yìn.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ má dúró sóòrùn o, ẹ wọlé!"

Ẹ̀rín tó fi sọ ọ́ gún mi lọ́kàn. Mo wò ó, mo sì ń wí nínú ara mi pé gbogbo ohun tí wọ́n fi dù mí, òun ni wọ́n kó o fún: oòrùn, ọmọ, ara líle. Ó ṣe mí bíi kí n tú ọmọ yẹn kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kí n máa gbé e sá lọ. Nígbà tí a jókòó, ó bi mí pé kí ni dókítà wí.

"Kò sí nǹkan," ni mo dá a lóhùn. "Oògùn ni wọ́n fún mi."

Mo sọ fún ara mi pé kí ni mo tún fẹ́ rò fún ẹni tí oòrùn ń tọ́jú lójoojúmọ́. Irọ́ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kó lọ ṣàyẹ̀wò kí wọ́n wá sọ fún un pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mi ò ní lè gba ìyẹn mọ́ra.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ pè mí níbi iṣẹ́. Àbúrò mi ti ṣubú lulẹ̀ lágbàlá. Ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí mo dé ọsibítù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun báláú. Kókó ni, ó tóbi ju tèmi lọ. Mo na apá pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi fún un. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Mà, ẹ̀yin gan-an nílò ẹ̀jẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n lò. Kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n, mo jẹ́wọ́ iṣẹ́ dókítà tí mi ò jẹ́ fún un àti owú tó fà á. 

"Ẹ̀yin lẹ ń jowú mi, Àǹtí mi? Èmi tí mo máa ń ru ẹ̀gẹ́ kọjá, tí mo máa ń wò yín níbi tí ẹ jókòó sí lábẹ́ òrùlé, tí mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí èmi náà pọ́n?" Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. "Àmọ́ ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

Àyẹ̀wò fi hàn pé fítámì D tirẹ̀ pé dáadáa. Dókítà ní ohun tó ń fa kókó náà ju ẹyọ kan lọ, pé oòrùn kì í ṣe odi tí èèyàn lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún èmi náà báyìí, mo sì ń lo oògùn mi. Mi ò tíì bímọ.

Ó ti dárí jì mí, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí pé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nígbà tó fẹ́ dìde lórí tapólì, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó sinmi díẹ̀ kó tó lè nàró. Mo rí i. Ojú mi ló ṣe, mi ò sì bi í pé kí ló ń dùn ún. Owú ti kọ́ ojú mi láti máa ka ohun tó ní, kò jẹ́ kí n wo òun fúnra rẹ̀.