Aṣọ Tí Màmá Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rọrùn, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti fi ọ̀kan sínú òmíràn rí. Èmi ti ṣe é. Ọ̀kan wà lórí tábìlì, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Èkejì wà nínú ikùn rẹ̀, kò ní irin, kò ní wáyà, síbẹ̀ ó ń ṣe bí ẹni pé òun náà jẹ́ nǹkan. Ti òde kì í yọ mí lẹ́nu. Ti inú yẹn ló rí mi fín.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n máa kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, kí n sì máa wá káàdì wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí mo jáde níléèwé, wọ́n sọ mí di oníkọ̀ǹpútà tipátipá. Bí tẹlifíṣọ̀n Mètíròn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wa, bá kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, èmi ni wọn óò pè. Mo máa ń kùn, àmọ́ kí n má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi nínú.

A kò ní dókítà egungun. Ẹ̀rọ ẹ́ksíréè la ní. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà wa tó máa ń gba àwòrán lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ tààrà sí dókítà kan ní Ìbàdàn. Ètò yẹn ti gbó. Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí èyí tí a ń lò kú, wọ́n ra tuntun, tuntun sì kọ ètò náà bí ọmọdé ṣe ń kọ ẹ̀kọ tútù. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo dá àfarawé kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun. Ètò náà wọ ibẹ̀, kò fura, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Mètíròn pàtẹ́wọ́ fún mi níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ohun kan péré ló kù: kí ti inú yìí ní ọ̀nà, kí ẹ̀rọ ẹ́ksíréè lè rí i, kí òun náà sì lè rí Ìbàdàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní n óò ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó di ọ̀la, ó di ọ̀la, títí wọ́n fi gbé bàbá mi wọlé.

Bàbá mi ń dá oko iṣu lọ́nà Ìgbẹ́tì. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ pupa sì ń yọ̀. Ọ̀kadà tó gbé e yọ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó sì gbé Bàbá ṣánlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ gbogbo wa, ó tilẹ̀ ń béèrè ta ló mú àdá òun. Mètíròn ní kó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó mì í. Ọrùn nìkan ló ní ó ń dun òun.

Mètíròn fi táwẹ̀lì líle dí ọrùn rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n sì ya àwòrán. Mo lọ sábẹ́ igi igbá tó wà lẹ́nu géètì, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ìpè ti máa ń lọ dáadáa, mo sì pe dókítà Ìbàdàn. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní bó bá jẹ́ ẹran ara nìkan ló fara pa, ká gbé Bàbá sínú mọ́tò ká máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí egungun ọrùn bá ti sán, òun óò fi mọ́tò aláìsàn ránṣẹ́ pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ àti àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

“Ẹ má gbé e títí n óò fi rí àwòrán yẹn,” ló wí.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé láti kí i pé ó dàbọ̀. Àwòrán tó ń sọ, inú ẹ̀rọ ẹ́ksíréè ló ṣì wà, èmi ni mo sì sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo jẹ́ kí ti inú máa gba ẹnu ọ̀nà ti òde jáde. Ó jáde lóòótọ́, ó rí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn. Ẹ̀rọ ẹ́ksíréè ní òun ò rí i. Ó dà bí àlejò tó wọ̀ sí yàrá ẹlòmíràn: onílé lè máa bá a jíṣẹ́ síta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá a wá, onílé nìkan ni yóò bá. Nítorí náà ó di dandan kí n ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní afárá, kí n so ti inú mọ́ ojú ọ̀nà gan-an, kí òun náà lè ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Mo ṣe afárá. Kò lọ. Mo tú u, mo tún un ṣe. Kò lọ. Mo pa ohun gbogbo, mo tún un tàn, mo gbàdúrà, mo bú u. Ó ń wò mí.

Nígbà tó fi di aago méjìlá, òógùn ti bò mí. Mo jókòó ti fóònù mi, mo ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Waifai ni mo so afárá mọ́. Waifai kì í gbà kí ẹni méjì gba ẹ̀yìn ẹnì kan wọlé. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Wáyà ni kì í bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo tó gùn tó, ọ́fíìsì Mètíròn ló wà. Mo fà á gba ojú fèrèsé, mo fà á gba ẹ̀yìn ilé, mo fi í sínú kọ̀ǹpútà.

Àdírẹ́sì yọ. Ẹ̀rọ ẹ́ksíréè rí ti inú lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán sì wọlé. Egungun ọrùn bàbá mi tò sílẹ̀ níwájú mi, ó funfun, mo sì ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń wo lẹ́tà. Mo fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà náà, mo fi í ránṣẹ́ kí dókítà lè tètè rí nǹkan. Ó ní òjìji lòun ń rí, kí n fi ojúlówó ránṣẹ́. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lójú ètò náà, jẹ́jẹ́, bí ìgbín.

Màmá wọlé bá mi níbẹ̀. Kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mọ́, ó ní òun ò fẹ́ kí Bàbá rí ẹkún òun. Mo fi àga fún un. Ó béèrè pé kí ni ìlà tó ń rìn yẹn, mo ṣàlàyé fún un pé bó bá dé òpin, dókítà yóò rí ọrùn Bàbá láti Ìbàdàn, yóò sì sọ ohun tí a óò ṣe. Nígbà tí ìlà náà dé ìdajì, mo rántí pé dókítà sọ pé òun máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìpẹ́. Mo ní láti pè é, kí n ní kó dúró. Mo sì ní láti lọ sábẹ́ igi igbá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Màmá, ẹ bá mi ṣọ́ ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀mí Bàbá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe é.”

Ó ní kò sí ohun tí yóò ṣe é.

Abẹ́ igi ni mo wà tí ojú ọ̀run fi ṣú. Ẹ mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń ṣe níhìn-ín, afẹ́fẹ́ ló máa ń rán ṣáájú. Dókítà ní òun dúró, ó ní àwòrán ń wọlé, ó ti rí apá òkè. Àrá kan sán tó mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ní, “Ó ti dúró o.” Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo sáré.

Ṣé ẹ rí i, nílé wa, bí òjò bá ti ń kùn, Màmá kì í jókòó. Yóò fi aṣọ bo dígí, yóò fa gbogbo ohun tó bá wà lára ògiri yọ, yóò ní ká máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àrá jó tẹlifíṣọ̀n àti rédíò wa lọ́jọ́ kan náà, èéfín ń yọ lára wọn, ó sì sunkún wọn bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti àwọn àbúrò mi gan-an, kí àrá tó sán lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ wa ti dé ibi púlọ́ọ̀gì. Èmi tí mo mọ gbogbo èyí ni mo fi í ti kọ̀ǹpútà.

Mo bá a lórí àga. Ó ti fa wáyà iná yọ, ó ti fa wáyà ọ́fíìsì Mètíròn yọ, ó ká a rogodo sórí tábìlì. Ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi bo kọ̀ǹpútà láti òkè délẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó pẹ̀lú tòbí, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí rẹ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọ.

Ó rọra sọ fún mi pé, “Mo ti yọ gbogbo rẹ̀, ọkọ mi. Kò sí ohun tó ṣe é.”

Ọlọ́run ló mọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo ní ẹ ṣeun, Màmá.

Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà, ti òde jí. Ti inú kò jí. Ikú òjijì ti ba ikùn rẹ̀ jẹ́, ojú rẹ̀ dúdú, ìlà kan ṣoṣo ló kọ láti sọ pé òun ò rí ara òun mọ́. Kí n tún un dá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tó wákàtí mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀. Òjò wá gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ pátápátá, ó gbé ìpè fóònù lọ pẹ̀lú. Mo dúró sábẹ́ igi igbá nínú òjò yẹn bí wèrè, fóònù lókè orí, kò sí nǹkan kan.

Aago mẹ́rin ni àbúrò bàbá mi gbé mọ́tò dé. Ó ti rí ẹnì kan tó kú síbi tí wọ́n ti ní kó dúró dọ̀la, kò sì fẹ́ gbọ́ dọ̀la. Mètíròn bá a jà, ó ní ká dúró. Àbúrò Bàbá bi í pé ta ló sọ pé egungun sán. Kò sí ẹni tó sọ. Wọ́n yíjú sí mi. Ká ní mo ní ọ̀rọ̀ kan péré láti Ìbàdàn lọ́wọ́, n bá dábùú ẹnu ọ̀nà, n kò bá wo ti pé àgbà mi ni. Mi ò ní nǹkan kan. Àbúrò Bàbá fọwọ́ síwèé pé òun ń gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Bàbá pè mí súnmọ́ ibùsùn. “Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti sọ̀rọ̀?”

“Kò tíì sọ̀rọ̀, Bàbá.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀ mi nínú mọ́tò. Gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn ni mo fi itan mi kà. Kí a tó dé Ìpàpó, ó béèrè pé ta ló bọ́ bàtà òun. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì, okùn wọn sì dì gbọnyin.

Ní Ìbàdàn, dókítà yẹn fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí nínú àwòrán tuntun, ó ní egungun kan ti sán láti ilẹ̀, ọ̀nà ló sún un kúrò láyè rẹ̀. Kò bá mi wí. Ìbá bá mi wí.

Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Bàbá ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń darí àwọn tó ń bá wa kọ ebè láti ibẹ̀. Mo ti tún afárá yẹn ṣe, ó ń lọ dáadáa, àwòrán ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba ibẹ̀ kọjá. Bí àlejò bá wá kí Bàbá, Màmá á sọ fún wọn pé àrá ọjọ́ yẹn ì bá jó kọ̀ǹpútà ọmọ òun tí kì í bá ṣe òun. Wọ́n á ní ó ṣeun, abiyamọ tòótọ́. Wọ́n á wá wò mí, mo sì máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ló gbà á là. Bàbá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò tún kùn bí a ti ń jẹun lọ́wọ́. Màmá ti dìde, ó ń wá aṣọ dígí, orúnkún ń dùn ún. Bàbá wò mí láti orí kẹ̀kẹ́, ó sì rọra sọ ọ́ kí Màmá má baà gbọ́.

“Dìde, bá ìyá rẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ.”

Mo dìde, mo sì bá a fà á yọ.