Orúkọ Faransé Bàbá Ìyàwó Mi

Mo rántí òórùn èédú tí kì í kúrò lára aṣọ mi nígbà tí mo ń wá ìyàwó ní Ìsọlọ̀, ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, èmi ni mo sì ń fi ẹwìrì fínná fún un. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó wọ ilé ìwé. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ kò rí ohun tó burú nínú èyí. Bàbá rẹ̀ ló rí i.

Akọ̀wé ni bàbá náà ní Òṣòdì. Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ni wọ́n ti bí i, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Lefèvre. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ó kọ ọ́ sára kẹ̀kẹ́, ó kọ ọ́ sídìí àwo tó fi ń jẹun. Bí ènìyàn bá bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Orúkọ ọlọ́lá ni. Kò lè yé yín."

Èmi náà gbà pé kò lè yé mi. Mo tilẹ̀ ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́ nídìí iná, kí ó lè mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ọmọ, ó gbọ́ wọn tán, ó ní, "Ẹ má bínú. Ìdílé Lefèvre kì í fọmọ fún afínná."

Bàbá mi kò jà. Ó kàn bèèrè bóyá àgbà ìdílé wọn ti gbọ́, nítorí bàbá ọmọ nìkan kọ́ ló ń kọ ọkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí akọ̀wé, obìnrin kan ní Àjàṣẹ́, ni àgbà wọn. Akọ̀wé fi ìdùnnú ránṣẹ́ pè é, kí ó wá fi ìtàn orúkọ náà lé wa lọ.

Ìyá àgbà dé, a tún péjọ. Ó wo ọwọ́ bàbá mi tí iná ti jó.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Àgbẹ̀dẹ ni, ìyá."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Èèyàn wa nìyí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, bàbá ńlá ọmọ yìí. Nígbà tí fadà fẹ́ ṣèrìbọmi fún un, ó bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ló bá fún un ní orúkọ ìdílé tirẹ̀. Fadà ní alágbẹ̀dẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀ nílùú àwọn, pé irin ni àwọn baba ńlá òun náà ń rọ." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ṣé o ò tíì sọ fún wọn ni?"

Akọ̀wé ń wo ilẹ̀.

"Ilé ni fadà wò," ni bàbá mi wí.

Àbúrò bàbá mi kò lè pa ẹnu mọ́ ní tirẹ̀. "Àna wa, ẹwìrì wà nílẹ̀ lọ́la o."

Wọ́n fún mi níyàwó. Láti ọjọ́ náà ni akọ̀wé ti ń sọ fún gbogbo Òṣòdì pé kò sí iṣẹ́ ọlọ́lá tó ju àgbẹ̀dẹ lọ. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí a sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ, nítorí iyì bàbá rẹ̀.

Ìyàwó mi ti di ará ọ̀run báyìí. Láìpẹ́ yìí, àkọ́bí wa tó ń gbé lọ́nà Àgọ́ Palace fi orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ kún tèmi, èyí tó fi Ògún bẹ̀rẹ̀, lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ó ń dún bí ti ọlọ́lá. Alágbẹ̀dẹ lórí alágbẹ̀dẹ. Mo ní ó dára. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí.