Bàtà Tó Kọjú Sí Òde

Fèrè ilé iṣẹ́ gáàsì ké bí a ṣe ń kọrin ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ bo agogo wa mọ́lẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà rọ́bà rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀, òun àti sùtánà funfun ti di eré.

Aládùúgbò wa ni bàbá náà ní Becontree, nílùú òyìnbó, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ará Èkìtì ni, àgbà ìjọ sì ni. Òun àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sínú sílíńdà, létí odò, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àti àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ló yọ̀ǹda ara wọn láti máa pa iná níbẹ̀ kí panápaná ìjọba tó dé. Ẹ sì mọ̀ pé àwa Aládùúrà kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Ẹnu ọ̀nà la máa ń bọ́ ọ sí, wọ́n á gorí ara wọn. Ti bàbá nìkan ló máa ń dá dúró, imú rẹ̀ á kọjú sí títì, á máa rùn fún èéfín.

Ìyá ìjọ kan a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, bàtà yín mà kẹ̀yìn sí pẹpẹ o!"

"Ẹ jẹ́ ó kẹ̀yìn, ìyá. Ọlọ́run mọ ibi tó ń lọ."

Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi yẹn. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán la sá dé ìdí wáyà tó yí ọgbà náà ká. Iná ń tú jáde lẹ́nu páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì ńlá kan, ó ń hó ṣìììì, ó ń di èèyàn létí. Ṣùgbọ́n bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò da omi síná rárá. Ara táńkì ni wọ́n ń dà á sí.

"Ẹ pa iná yìí!" Ìyá mi fi igbe ta. "Ọkọ mi wà níbẹ̀! Táńkì lẹ wá ń wẹ̀ fún?"

Bàbá ò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó ṣe, iná náà kúrú, ó tún kúrú, ó kú. Bàbá mi yọ lẹ́yìn táńkì, omi ń ro lára rẹ̀. Abẹ́ omi tí wọ́n ń dà yẹn ló gbà lọ yí ẹnu páìpù gáàsì náà pa.

Nírọ̀lẹ́, bàbá jókòó nílé wa, ó ń mu tíì. Ó ní, "Ìyàwó wa, gáàsì tó ń jó, mo ń rí i. Bí mo bá pa iná, tí gáàsì ṣì ń jáde, ta ló mọ ibi tó máa sá pamọ́ sí kó tó tún gbaná? Táńkì ni kò gbọdọ̀ gbóná, kó má baà bú."

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó gba sùtánà tó ti dúdú yẹn, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Etí aṣọ náà ò funfun mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe ń wọ̀ ọ́ wá sí ìsìn. Ìyá tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló wá di ẹni tó ń yí bàtà gbogbo ìjọ sí òde.

Bàbá mi dàgbà dáadáa, ó gbé àwọn ọmọ mi jó. Becontree náà ni mo ṣì wà. Bí mo bá ti wọlé, màá bọ́ bàtà, màá yí imú rẹ̀ sí títì. Ọmọ-ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín: "Grandma, ibo lẹ tún ń sáré lọ?"

Mi ò lọ síbì kankan, ọmọ mi. Mò ń kí ẹnì kan ni.