Ibi tí Mo Wọ̀ sí Lérékùṣù Èkó

Bí mo ti máa ń yan ìsọ̀ ni mo ṣe yan àdúgbò tí a wọ̀ sí l'Ékòó lọ́dún náà. Èmi tí mo ń ta abọ́ tánganran l'Ọ́jà Ọba l'Óṣogbo, n kì í wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí n tó pàtẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń kọjá ni mo ń wá. Ọjà tí mo sì gbé dání lọ́dún náà kì í ṣe abọ́. Ìtìjú ni. Oníbàárà kan ṣoṣo ni mo ní fún un: ìyàwó àbúrò ọkọ mi, Ìkòyí ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi mí ṣe, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mí. Ìkà ni mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó nídìí.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ ló gbé mi dé Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo, sínú agbo ilé mùsùlùmí kan tó tóbi débi pé mo máa ń kí èèyàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, torí n kò tíì dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé nígbà tí mo wọlé. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, akọ̀wé ló sì dà lóòótọ́. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo se oúnjẹ tó ń gbé lọ sílé ìwé, mo fi aṣọ tútù nù ún lára nígbà tí ibà bá dá a wó. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó dé, ìjọba fún un nílé n'Ìkòyí, ó fẹ́ ìyàwó tó kàwé bíi tirẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní èmi náà ti di ìyálé, nítorí ẹ mọ̀ bó ṣe rí nílé wa: obìnrin tó bá kọ́kọ́ wọ agbo ilé ni ìyálé gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e wọlé, ì báà ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ì báà ṣe ìyàwó àbúrò. Ìwé kíkà kò kan ìyẹn.

Nígbà tí ogun parí, mo lọ kí wọn. Èmi nìkan ni mo lọ. Mo di iṣu, mo di gààrí Ìjẹ̀ṣà, mo sì gbé àkùkọ kan dání tó ń kọ ní gbogbo ibi tí rélùwéè bá ti dúró, bí ẹni pé òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa pe orúkọ ìlú. Mo dé Ìkòyí, Akọ̀wé ò sí nílé, ìjọba ti rán an lọ sí òkè Ọya. Ìyàwó rẹ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ mi lẹ́yìnkùlé, ó ní kí kúkù, ọkùnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn, fi ibi tí n ó sùn hàn mí. Bọ́ìsì kọ́tásì tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé ni, yàrá tó ti yàrá kúkù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é n'Ìkòyí nìyẹn, kí àlejò lè máa gbóòórùn ọbẹ̀ kó tó jinná.

Lọ́jọ́ kejì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, àwọn obìnrin oníwíìgì. Mo bọ́jú, mo wé gèlè, mo wọ pálọ̀ láti kí wọn, torí àlejò ìyàwó mi, àlejò mi ni. Ọ̀kan nínú wọn wò mí tẹsẹ̀ torí, ó ní, "Màmá yìí ńkọ́?"

Ìyàwó mi kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí tíì tó ń dà. Ó ní, "Ìyá tó máa ń ta abọ́ fún wa l'Óṣogbo ni."

Èmi! Kò ra ṣíbí kan lọ́wọ́ mi rí. Abọ́ tirẹ̀ wà nínú kábọ́ọ̀dù onígíláàsì lójú gbogbo wa níbẹ̀, abọ́ funfun olódòdó búlúù tí wọ́n kó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó tún wá burú sí i. Obìnrin oníwíìgì náà yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìyá, èló lẹ ń ta èyí tó ní ìdérí?" Mo sì dá a lóhùn! Ẹnu ọlọ́jà ò mọ ìgbà tí wọ́n bú u. Mo ní tó bá dé Òṣogbo kó yà lọ́dọ̀ mi, n ó ṣe é dáadáa fún un. Lẹ́yìn náà mo padà sí ẹ̀gbẹ́ kúkù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe gbogbo omi náà ni ti ẹ̀rín.

N kò sọ fún Akọ̀wé nígbà tó dé. N kò sọ fún ọkọ mi nílé. Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò pe ẹbí jọ, wọn yóò ní kó bẹ̀ mí, yóò kúnlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọn yóò ní ó ti tán. Irú ẹ̀bẹ̀ yàrá bẹ́ẹ̀ kò tó mi. Lójú èrò ló ti sọ mí di ẹni tó wá kiri ọjà. Lójú èrò ni mo fẹ́ kó ti pè mí ní ìyálé rẹ̀. Mo sì lè dúró. Tánganran ni mo ń tà, kì í ṣe tòmátì. Ó ti mọ́ mi lára láti tọ́jú nǹkan pẹ́.

Mọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ òsì wá sọ́wọ́ ọ̀tún, owó ti di náírà, kí ọkọ mi tó gba ọlidé tó nítumọ̀. Rélùwéè fún un ní páàsì tí òun àti ìyàwó lè fi wọ ọkọ̀ láìsanwó. Ó ní Èkó ni, òun fẹ́ lọ wo omi. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, irin ló ń wò.

Ó ní, "Ìkòyí la máa wọ̀ sí. Akọ̀wé ní ẹ̀rọ amúlétutù."

Mo ní, "Olówó orí mi, ṣé òtútù lẹ wá fẹ́ sọdá afárá lọ rà?"

"Ibo ni ìwọ fẹ́ ká wọ̀ sí?"

Mo ní kó fún mi láyè kí n wádìí. Mo wádìí lóòótọ́. Ará ọjà wa kan tó ní ọmọ n'Ọ́balẹ́ńdé ní ibẹ̀ dára, àfi ariwo sójà. Mo ní ariwo tiwọn á bo tèmi mọ́lẹ̀. Wọ́n ní Fíkítóríà Áílàǹdì ńkọ́, etí òkun gan-an ni, atẹ́gùn fẹ́ẹ́ ṣí gèlè kúrò lórí èèyàn. Mo bi wọ́n bóyá aládùúgbò ń kí ara wọn níbẹ̀. Wọ́n ní rárá, ajá nìkan ló ń dá èèyàn lóhùn. Mo fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó wá ku Ìsàlẹ̀-Èkó. Alhája kan, tí mo ń ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀, nínú ọ̀nà tóóró kan tí kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀fọn ń bẹ, ooru ń bẹ, gọ́tà sì ń sọ tẹnu rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n pálọ̀ Alhája yìí ni gbogbo obìnrin tó bá wá rajà láti Òṣogbo, láti Iléṣà títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ mumi. Bí èèyàn bá sín níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ti máa kí i ní pẹ̀lẹ́ l'Óṣogbo kó tó di ọjọ́ kejì. Mo ti rí ìsọ̀ mi.

Kí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin dé ìlú tí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní ilé ńlá, kó wá lọ wọ̀ sílé onílé! Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ̀gbọ́n léèrè. Kò sẹ́ni tó máa dá àbúrò lẹ́bi. Ìyàwó ni gbogbo ayé á ní ó tì wọ́n síta. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń rà nìyẹn.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ rajà, pé ilé Alhája sún mọ́ mọ́ṣáláṣí, ó tún sún mọ́ ọ̀sà. Ó gbà. Kì í bá mi jiyàn lórí ohun tó bá kan ọjà.

A sọ̀ ní Ìddó, a sọdá afárá, a dé ọ̀dọ̀ Alhája. Àràárọ̀ ni ọkọ mi ń lọ sí Màrínà lọ wo ọkọ̀ ojú omi bí ọmọdé. Èmi jókòó sórí àga tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó wọlé, ará Òkè-Baálẹ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi.

"Háà! Ojú yín rèé? Ṣé ẹ̀ ń kọjá lọ sí Ìkòyí ni?"

"Rárá o. Ibí la wọ̀ sí."

"Ibí kẹ̀? Akọ̀wé ò sí nílé ni?"

"Ó wà." Mo mí kanlẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

N kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, èémí ló ń sọ ìyókù. Èémí gígùn ni, láti ìsàlẹ̀ ikùn, pẹ̀lú ojú nílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo ń wọn díẹ̀ fún. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tiẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ọmọ Iléṣà nílé ọkọ nìyí. Mo bá a sunkún díẹ̀, ó wù mí.

Alhája ti mọ gbogbo rẹ̀, òun nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ò mà dáa."

Mo ní, "Alhája, àlejò míì ń bọ̀. Ẹ bá mi bu omi."

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni Akọ̀wé dé. Ẹnì kan láti Òṣogbo ti bi í léèrè lójú gbogbo ará ọ́fíìsì pé kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Mọ́tò wọn kò lè wọ ọ̀nà wa. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí ìyàwó náà tó ń bọ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro, tó ń tẹ pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ ẹyin. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Mo tún gèlè mi wé.

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bùọ̀dá mi, kí ni mo ṣe yín?"

Ọkọ mi ní, "Kí lo ṣe? Ìyàwó mi ń rajà ni." Kò mọ nǹkan kan, ẹni rere ni.

Ìyàwó Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di báàgì mú mọ́ra. Alhája, ọlọ́gbọ́n obìnrin, yíjú sí mi. "Arábìnrin tó dúró yìí ńkọ́?"

Mo ti ń tọ́jú ìdáhùn yẹn láti ìgbà tí ogun ti parí. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Alhája, oníbàárà mi ni. Ó máa ń ra abọ́ lọ́wọ́ mi l'Óṣogbo."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó náà gbé báàgì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Mo ní, "Ta ló ń jẹ́ mà?"

Ó ní, "Ìyálé mi."

"Ariwo Ìdúmọ̀tà ti dí mi létí."

"Ìyálé mi! Ẹ má bínú! Mo ṣe yín, mo mọ̀!"

Aláàárù tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà dúró tòun ti ẹrù lórí. Alhája ní, "Ó tó, jẹ́ kó dìde." Mo jẹ́ kó dìde. N kò yára.

Akọ̀wé ní, "Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ di ẹrù yín ká lọ sílé."

"Akọ̀wé mi, ibí tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé yín ni ẹnu mi ń fẹ́."

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tó bá mọ̀wà hù á gbé oúnjẹ lọ bá ìyálé níbi tó bá wọ̀ sí. Lójoojúmọ́, títí ọlidé ọkọ mi fi tán, ló ń rù ú láti ibi tí mọ́tò bá dúró sí, lórí, nínú abọ́ olódòdó búlúù Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ọjọ́ kìíní ó wọ bàtà gogoro. Láti ọjọ́ kejì, sálúbàtà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dojú rú fún mi rèé: àwọn obìnrin Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. "Irú ìyàwó wo nìyí! N'Ìkòyí, tó kàwé, ó ń ru oúnjẹ fún ìyálé!" Mo ń jẹ ìrẹsì, ó ń há mi lọ́fun. Alhája rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Bàálé ilé wa l'Óṣogbo pàápàá gbọ́, ó ní ẹbí ti rí ìyàwó.

Ṣùgbọ́n àwọn abọ́ náà, n kò dá wọn padà. Mo fọ̀ wọ́n, mo fi aṣọ wé wọn, mo kó wọn wọ rélùwéè.

Nígbà tí Iléyá dé, Akọ̀wé kó ará ilé rẹ̀ wá sílé. Ìyàwó mi wá kí mi lọ́jà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníwíìgì ìjọ́sí. Àwọn abọ́ náà wà níwájú pátápátá lórí àtẹ, mo ti fi epo nù wọ́n kí wọ́n máa dán. Ó rí wọn. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ ọjà.

"Ìyálé mi, ẹ kú ọjà."

"Oníbàárà mi, káàbọ̀ o."

Ó wò wọ́n pẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Wò ó, ó mà jọ tilé ẹ!" Ìyàwó mi yíjú sí mi.

"Èló ni gbogbo rẹ̀, Ìyálé mi?"

Mo pe iye kan tó wù mí. Kò ná an. Ó sanwó, mo fi bébà dì í fún un, mo sì fi ṣíbí kan ṣe èènì, kó má baà sí ẹni tó máa sọ pé kò gba ṣíbí kan lọ́wọ́ mi rí. Bí irọ́ tó pa nínú pálọ̀ rẹ̀ ṣe di òtítọ́ nìyẹn: èmi ni mo ń ta abọ́ fún wọn l'Óṣogbo.