Ìkéde Òkú Fàsásì

"Látèéfù, má tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà yẹn kí n tó dé. Tí Ridwanullah bá wá, má jẹ́ kó jókòó síbẹ̀."

Ohun tí Fàsásì ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Akaka. Tírélà kọ lù ú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé òkú ẹ̀ wálé.

Inú ìsọ̀ obì ìyá wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní blog kan tó fi ń kéde òkú Mùsùlùmí Ṣàgámù. Ọjọ́ téèyàn bá kú la ń sin ín, kò sáyè àtiránṣẹ́ kiri. Tí Fàsásì bá ti tẹ̀ ẹ́, fóònù gbogbo àdúgbò á dún. Gbogbo ìlú ti gbára lé e.

Ó tún máa ń tún blog ẹlòmíì ṣe, pẹ̀lú èébú. Plugin, àwọn nǹkan kéékèèké téèyàn ń so mọ́ blog kó lè ṣiṣẹ́ sí i, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. "Mẹ́tàdínlógún! Ṣé blog lẹ ń ṣe ni àbí ẹ̀ ń kó ìyàwó jọ? Wọ́n á jà ni!" Á pa gbogbo wọn, á máa tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tan tí blog bàjẹ́, ọ̀daràn nìyẹn.

Ridwanullah ni wọ́n jọ dá blog náà sílẹ̀. Ó wá nírọ̀lẹ́ tí Fàsásì lọ. Mo ní kó má jókòó. Ó ní ta ni mo jẹ́. Mo dìde fún un. Ó ṣe update sí plugin tó ń fi àsìkò ìrun hàn.

Nígbà tá a fẹ́ kéde Fàsásì, blog funfun báláú. Aago mẹ́wàá ti lù. Lẹ́yìn ìrun Àílà la máa sin ín.

Mo pa gbogbo plugin, mo ń tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹsàn-án lọ̀daràn náà. Plugin àsìkò ìrun ń bá èyí tó ń ránṣẹ́ sí fóònù jà. Mo fẹ́ yọ ọ́, ni Ridwanullah bá dá mi dúró.

"Àsìkò ìrun lo fẹ́ yọ lọ́jọ́ òkú? Ṣé kèfèrí ni ẹ́?"

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀."

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Èmi náà ni n óò tún un ṣe."

Ìyá wa ké látinú ilé: "Ẹ má jà lórí òkú ọmọ mi!"

Mo tún dìde fún un. Ó ń tún un ṣe títí wọ́n fi pe ìrun.

Èèyàn mọ́kànlá ló kírun sí Fàsásì lára. Mọ́kànlá.

Mo délé, mo yọ plugin yẹn, mo kéde. Ìṣẹ́jú kan ni. Fóònù ń dún kiri. Ìyá Ṣùkúrátù, ìbátan wa kan, sáré dé láti Òde Rẹ́mọ. "Ṣé ẹ fi ikú ẹ̀ pamọ́ fún wa ni?"

"Kádàrá ni, màmá," Ridwanullah dáhùn.

"Kádàrá kọ́," mo ní. "Ọwọ́ ẹ ni. Dìde, kó o máa lọ."

Kò sẹ́ni tó bá mi wí pé mo pe ẹ̀gbọ́n ní ìwọ. Ó lọ. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde fún un.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo kó àwọn bùútà tí wọ́n fi ṣe àlùwàlá jọ. Mo fọ̀ wọ́n. Mo dojú wọn délẹ̀ lẹ́bàá ògiri kí omi inú wọn ro dànù.