Ẹ̀gbọ́n Tó Kọ̀wé Pé Òun Jalè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣógúnlé, bí ẹnikẹ́ni bá gbé igi gbọọrọ kọ́ èjìká gba Òṣòdì kọjá, ìjà ló ń lọ jà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú sí wa pé a kọ́kọ́ máa ń sá fún ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Inú ilé kan náà là ń gbé, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Bọ́ọ̀lù ni òun ń fi igi tirẹ̀ gbá, bọ́ọ̀lù líle kan tí kò ju ọsàn lọ. Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe eré náà. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni òun àti àwọn bíi mẹ́wàá ti ń ṣe é, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ òfin rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù yẹn, àwa ò ní rí i mọ́. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ògiri ló máa ń rí i, nínú ìkòkò ọbẹ̀ wọn.

Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì jẹ́ bàbá ìjọ. Ó máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Nínú ìdílé tiwa, a ò lówó, ṣùgbọ́n a ò jalè rí."

Nígbà tí àwọn òyìnbó wá mú ẹ̀gbọ́n lọ sí Amẹ́ríkà kí ó lọ máa fi eré náà jẹun, nǹkan yí padà. Bàbá onílé, tó ti ń pè é ní "ọmọ onígi", wá ń sọ fún àlejò pé òun lòun kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Èmi náà purọ́ nílé ìwé pé ìyá kan náà ló bí wa.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé. Tíṣà kan wà ní yàrá iwájú, tó dé yunifásítì, tí kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láì rán wa létí. Òun ló já lẹ́tà náà gbà kí ó kà á fún gbogbo ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, tí bàbá ẹ̀gbọ́n sì mọ̀wé kà dáadáa. Ó wúkọ́, ó kà á:

"Ẹ bá mi yọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo jalè lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí mi mú. Mo sì sá wálé lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

Tíṣà tún un kà.

"Kí ló ní òun jí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. Òun ni kò mọ̀wé kà.

"Kò sọ, mà," ni tíṣà wí. "Ṣùgbọ́n olè tó bá ti ń gba àtẹ́wọ́, ó ti di bárakú fún un nìyẹn."

"Mo sọ ọ́!" ni bàbá onílé pariwo. "Igi yẹn!"

Ìyá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ kọ̀wé, ẹ bi í."

"Kí n bi í ní kí ni? Ṣé ẹlòmíràn ló di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ ọ́ ni?"

"Ẹ ṣáà bi í." Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wa, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ mú.

Bàbá kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó kọ ọ́ pé: "Èmi kò bí olè. Ibi tí o ti ń jalè, jókòó síbẹ̀. Ilé tí ò ń sá bọ̀ kò sí mọ́."

Ọdún yí po, a ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn tí òun àti ẹ̀gbọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, tí wọ́n sì jọ lọ sí Amẹ́ríkà, dé wá kí wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ kọ sínú ìwé yẹn? Ọmọ yín kà á tán, ó kó ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án."

"Ṣé olè tún ń bínú ni?" ni bàbá wí, ó sì sọ ohun tí a kà nínú lẹ́tà fún un.

Ọmọkùnrin náà jáde sí àgbàlá, ó to òkúta mẹ́rin sílẹ̀. Ó ní bí o bá gbá bọ́ọ̀lù, wàá sáré láti òkúta kan dé èkejì. Bí o bá sá bọ́ sí èyí tó kàn nígbà tí wọn ò fiyè sí ọ, wọ́n á ní o jí i. Bí o bá yí gbogbo rẹ̀ po, tí o padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀, o ti gba àmì kan nìyẹn.

"Kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀ yẹn?" ni bàbá béèrè.

"Ilé, sà. Wọ́n á ní o ti sá wálé."

Bàbá wo òkúta náà títí. "Kí ló dé tí wọn ò fi pè é ní nǹkan míì?"

Tíṣà ní òun ti fura tẹ́lẹ̀.

Bàbá kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ ló ń padà wá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé ẹni náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó lọ dúró síbi tí èrò ń gbà jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á bi í pé ọkọ̀ wo ló ń retí. "Èyíkéyìí," ni yóò wí.

Ayé ti yí lónìí. Àwọn òbí ní Àjàó Estate ń rí ojú ọmọ wọn nínú fóònù láràárọ̀. Bí ọmọ bá sọ ohun tí kò yé wọn, wọ́n á fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí i, ó tán. Àwa máa ń ra sítáǹpù kí a tó ṣi ara wa gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni tiyín. Mo ti wá ẹ̀gbọ́n lórí fóònù yìí títí, n kò rí i.

Bàbá ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tí àìsàn dá ìyá náà dùbúlẹ̀, mo bi í pé bí ẹ̀gbọ́n bá dé lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí ni kí n sọ fún un.

"Má sọ nǹkan kan," ló wí. "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."