Bàbá Pùláànù àti Mẹ́mórì Tó Ń Sáré

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá Pùláànù, kó sọ fún un pé kó lọ sinmi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ọmọdé fa wàhálà, kì í bá àgbà fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn a máa ká a lára. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Bébà fífẹ̀ àti pẹ́ńsùlù ló kọ́kọ́ fi ṣe é. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ti dàgbà kọjá ẹ̀kọ́ tuntun, òun jókòó ti ẹ̀rọ náà títí ó fi mọ̀ ọ́n lò. Yàrá iwájú ló sọ di ọ́fíìsì: tábìlì gbọọrọ kan, àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àti kọ̀ǹpútà dúdú kan nílẹ̀ tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Kọ̀ǹpútà yìí ló kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé-ìwé kan fún un, ilé alájà mẹ́ta, pẹ̀lú ilé ìkàwé àti gbọ̀ngàn ńlá kan. Bó bá ti ń ya á lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ yí ilé náà po lójú kọ̀ǹpútà, kó lè rí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á gan, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Bàbá á bẹ̀ ẹ́, á pòṣé, á tún bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan tó ń pariwo mọ́ ọn báyìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ni. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi mú ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú báàgì. Ó fi wọn bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó rí níbẹ̀ kò sì dùn mọ́ ọn nínú.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Láti bí ọdún kan ló ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó sinmi. Bàbá náà sì ti ń dá a lóhùn pé ilẹ̀ lókùú ń sinmi sí, òun ò tíì kú. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi dórí àdéhùn kan. Bàbá yóò ra mẹ́mórì tuntun, ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, sínú ẹ̀rọ náà. Tó bá di Sátidé, ọmọ yóò wá jókòó tì í, bàbá yóò sì ṣí ilé-ìwé náà, yóò yí i po lójú rẹ̀. Bí kò bá gan, ọmọ ò tún ní dárúkọ ìsinmi mọ́. Bó bá gan, bàbá á di ẹrù, kọ̀ǹpútà á di títà. Bàbá ní kò burú, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọmọ lọ tán ni àyà rẹ̀ wá já, torí pé ó mọ̀ dájú pé ọjọ́ tí òun ò bá níṣẹ́ tí òun ń jí ṣe mọ́, òun ò ní mọ ohun tí òun ń jí sí.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wáyà lọ, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, tí okùn wáyà máa ń kọ́ ọ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá Wáyà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní nǹkan méjì là ń wò lára mẹ́mórì: bó ṣe ń sáré tó, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dìde tí wọ́n bá pè é.

“Ẹ wò ó bí alábàárù méjì, Bàbá,” ó ní. “Ọ̀kan ń sáré bí ẹṣin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè é, á kọ́kọ́ na ara, á yán. Èkejì ò yára tó o, àmọ́ ẹ ò tíì pè é tán tó ti dìde. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, àwọn méjèèjì lè gbé ẹrù àkọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Tiyín yìí, kì í tiẹ̀ ṣe eré ni ìṣòro ẹ̀. Àyè ló kéré.”

Bàbá ń mi orí bí ẹni tó gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára méjì kan tó wà nínú gíláàsì, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí lára, tí iná aláwọ̀ mèremère ń tàn lórí wọn. Àgbà náà a máa ṣe bí ọmọdé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn yẹn ló rà, kò bèèrè bí àyè wọn ṣe tó. Bó ṣe ń jáde lọ, Ìyá Wáyà kìlọ̀ fún un pé kó yọ àwọn ti àtijọ́ kúrò o, kó má dà wọ́n pọ̀ mọ́ tuntun, wọn ò ní bára wọn mu. Bàbá ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ lọ́tọ̀, gbígbà lọ́tọ̀.

Nígbà tó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, eruku kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí mẹ́mórì méjì ti àtijọ́ tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sáyè wọn, tí àyè méjì sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àánú wọn ṣe é. Ó ní ṣé àwọn tó ti ń bá òun ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ yìí ni òun fẹ́ dà sí pàǹtírí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bó ṣe ti àwọn tuntun wọlé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà nìyẹn, ó ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ padà, ó tan iná.

Kọ̀ǹpútà jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá wo ibi tí wọ́n ń kọ ìyára mẹ́mórì sí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń rìn ní ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Inú bí i. Ó wọ ibi ètò inú ẹ̀rọ, ó yan ìyára tí wọ́n kọ sára páálí àwọn tuntun, ó ní kí gbogbo wọn máa sáré bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù. Fáànù ń yí, nǹkan kan ò jáde. Òógùn bo Bàbá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó pa ara rẹ̀, tó tún jí, tó sì padà sí ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ó bá yọ àwọn àgbà, ó fi àwọn tuntun nìkan sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà fò. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Ó ṣí ilé-ìwé rẹ̀, ó ń yí i po, ó yí i dé ilé ìkàwé, ni ẹ̀rọ bá gan. Àyè ti kún. Kò wá mọ èwo ni kó ṣe mọ́: àwọn tó ń sáré ò láyè tó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tí àyè wọn pé ò fẹ́ sáré. Sátidé sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́.

Ó pe Ìyá Wáyà lórí fóònù, ó jẹ́wọ́ pé òun dà wọ́n pọ̀. Ìyá Wáyà rẹ́rìn-ín títí tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní kó dá àwọn àgbà padà sáyè wọn, torí iṣẹ́ rẹ̀ nílò àyè náà. Kó wá dín ìyára kù, kó kan ga díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó ń sọ bí mẹ́mórì yóò ṣe dúró pẹ́ tó kó tó dáhùn, kó fi kún wọn, kí àwọn àgbà lè ráyè mí. Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ dán ara rẹ̀ wò, kó má sì kánjú.

Bàbá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn, ó gbé ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ìyára sókè díẹ̀, ó fi nọ́ńbà ìdúró kún un, ó ní kí ẹ̀rọ dán an wò, ó sì lọ wẹ̀. Nígbà tó dé, àṣìṣe kankan ò sí. Ojú kòkòrò ní kó fi kún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Àkọlé pupa yọ pé àṣìṣe wà. Ó yáa padà síbi tó ti kúrò, kò sì fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Iná ara àwọn tuntun ṣì ń kọ mànà bí ẹni pé eré ni wọ́n ń sá. Bàbá wò wọ́n, ó ní kí wọ́n máa ṣe fújà wọn lọ, òun àtàwọn ti mọ òótọ́.

Ní Sátidé, ọmọ rẹ̀ dé, ó gbé báàgì lé itan, ó jókòó. Bàbá ṣí ilé-ìwé náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣí. Ó yí i. Kíláàsì kọjá, àtẹ̀gùn kọjá, gbọ̀ngàn kọjá. Ilé ìkàwé dé pẹ̀lú gbogbo pẹpẹ ìwé inú rẹ̀, ó sì kọjá láìgan. Bàbá tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, èyí kàn jẹ́ ti fáàrí. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ìyangàn tó ti kó jọ wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Ọmọ náà ní ẹ kú oríire, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. Bàbá bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí. Bàbá tún un bi.

“Mo ti ń gbàdúrà pé kó gan ni, Bàbá,” ó ní. “Ẹ má bínú.”

Ó wá tú u sọ díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ òun ti lọ sí yunifásítì, tí òun bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n ni òun máa ń kọ́kọ́ tàn, kì í ṣe pé òun fẹ́ wo nǹkan kan, kí ohùn èèyàn ṣáà lè wà nínú ilé ni. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ pé kí bàbá òun wá jókòó ti òun, ni òun ṣe ń sọ pé kó wá sinmi.

Ìyangàn tó wà lórí ahọ́n rẹ̀, Bàbá gbé e mì. Odindi ọdún kan ni wọ́n ti fi ń jà lórí ìsinmi, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó ń wá ìsinmi. Ó káàánú ọmọ rẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ò bi í léèrè rí. Ó wo ilé-ìwé rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó tọ́jú iṣẹ́ náà pamọ́ sínú ẹ̀rọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì níbi tí àwọn wáyà wà, ó ń yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Yàrá ọmọ rẹ tó ṣófo yẹn,” ó ní láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, “ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà níbẹ̀?”